Aṣọ Ọdún Tí Orrin Kò Tíì Bọ́

Ojúlé 218, Òpópónà Mill,
Adlerbrunn,
Ìpínlẹ̀ Washington.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹwàá, ọdún 2019.

Ìyàwó wa ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé o máa rẹ́rìn-ín pé arúgbó ọlọ́dún márùndínlọ́gọ́rin ni mo ṣì ń pè ní ìyàwó. Kò sí ohun tí o lè ṣe sí i. Láti ọjọ́ tí àbúrò mi ti mú ọ wọlé ni mo ti ń pè ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹnu mi ò sì mọ òmíràn. Ṣé dáadáa ni o wà, Nadine? Orúnkún rẹ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́, ṣé o ti ń fi í gun àtẹ̀gùn? Wendell ọmọ wa ńkọ́, àti ìyàwó rẹ̀, àti àwọn ọmọbìnrin méjèèjì tí wọn kì í jẹ ẹran? Ajá rẹ tó máa ń gbó mọ́ ọkọ̀ ìkólẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣì wà láyé? Mo rí káàdì tí o fi ránṣẹ́ nígbà ọjọ́ ìbí mi, inú mi sì dùn sí i gan-an. Mi ò fèsì. Má bínú, ọ̀lẹ ni mí nídìí bírò, o ti mọ̀ mí tipẹ́.

Ní tèmi, ara le bí ara ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ṣe ń le. Ojú mi ṣì ń rí ihò abẹ́rẹ́. Ọdún ìgbà ìwọ́wé ti bẹ̀rẹ̀, ìlú sì ti kún fọ́fọ́. Àwọn tó fẹ́ gun òkè àti àwọn tó fẹ́ wa ọkọ̀ rọ́bà lójú odò ń bá àwọn tó kàn fẹ́ mu bíà du ibi tí wọ́n á gbé ọkọ̀ sí. Láti aago mọ́kànlá àárọ̀ làwọn onífèrè ti ń fun orin mẹ́fà kan náà, tí wọ́n bá fun ún tán wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Harlan kí ọ. O rántí Harlan, òun àti Orrin ọkọ rẹ ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́ nílé ìlàgi. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ojú ilé, kí gbogbo ìlú lè jọ Jámánì, kọ̀wé sí i lóṣù tó kọjá pé ilé ajá rẹ̀ kò jọ ti ará Jámánì, kó lọ fi igi gbígbẹ́ ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè sí i. Ó fèsì pé ajá òun ò gbọ́ Jámánì. Ẹjọ́ náà ṣì wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé ajá ni mo torí ẹ̀ mú bírò. Bí o bá wà lórí ìdúró, wá àga kan jókòó.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, obìnrin kan láti Tacoma wọ ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi. Bàtà ìrìn-òkè ló wọ̀, ẹrẹ̀ bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo gbogbo okùn èjìká ṣòkòtò tí mo so rọ̀, ó ń fọwọ́ kan òdòdó tí mo rán sí awọ àyà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá mi orí.

Ó ní, "Màmá, kì í ṣe irú èyí. Irú ti afinimọ̀nà yín tó wà lórí òkè ni mo fẹ́ rà fún ọkọ mi, èyí tí òdòdó ẹ̀ ní ewé mẹ́ta."

Mo ní, "Ọmọ mi, a ò ní afinimọ̀nà lórí òkè o. Àwọn aṣọ́gbó nìkan ló wà níbẹ̀, ṣòkòtò gígùn ni wọ́n sì ń wọ̀."

"Ẹ ní in o! A bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí ni, ó ga, eyín iwájú ẹ̀ kan kán. Ó bá wa níbi tí igi ńlá ti wó dábùú ọ̀nà adágún, ó ní ká má yà sọ́tùn-ún, pé ilẹ̀ ibẹ̀ ti ya. Ọkọ mi lọ yọjú wò ó, ọ̀gbun ni lóòótọ́! Òun ló gbà wá. Ṣùgbọ́n màmá, ẹ má bínú sí mi o, ẹ̀yin ará ìlú yìí ò láàánú. Ṣòkòtò péńpé lẹ fún un wọ̀ nínú òtútù yẹn. Orúnkún ẹ̀ ti ń dà bí aró."

Sísọ́ọ̀sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Mo bi í bóyá ó sọ nǹkan mìíràn.

"Ó bi wá bóyá a pàdé obìnrin méjì tó wọ bàtà ìlú. A ní rárá. Ó tún bi wá bóyá wọ́n ti parí ọdún nísàlẹ̀. Ọkọ mi ní, 'Parí kẹ̀? Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ọ̀rẹ́!' Ó kàn mi orí, ó padà sínú kùrukùru. Ó ṣe mí láàánú, mi ò mọ ìdí."

Mi ò rántí bóyá mo ta nǹkan kan fún obìnrin náà. Ohun tí mo rántí ni pé mo ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan, nínú ọ̀sẹ̀ ọdún, ohun tí mi ò ṣe rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ta aṣọ.

O wà níbí lọ́dún 1966, o mọ bí a ṣe bẹ̀rẹ̀. Rélùwéè ti lọ, ilé ìlàgi ti kógbá sílé, àwa obìnrin sì kóra jọ sínú ṣọ́ọ̀ṣì, a pinnu pé a ó sọ ìlú wa di ti ará Jámánì, nígbà tó jẹ́ pé kò sẹ́ni tó mọ ojú Jámánì nínú wa. Èmi ni wọ́n ní kó rán aṣọ ọkùnrin. Àwòrán ara agolo bísíkíìtì ni mo wò rán mẹ́sàn-án. Òdòdó tó wà láyà ọkùnrin inú àwòrán yẹn kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ, mi ò rí i dáadáa. Ni mo bá rán òdòdó funfun eléwé mẹ́ta tó ń hù lẹ́yìn ilé wa, mo ní òdòdó ni òdòdó ń jẹ́. Ní ọdún méjì lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan wá láti Munich, ó rí i, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú tì mí. Mo gba mẹ́jọ padà, mo sì jó gbogbo wọn níná lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀kẹsàn-án kò sí nílẹ̀. Ó wà lára Orrin. Mi ò rán òdòdó eléwé mẹ́ta mọ́ láti ìgbà náà, kò sì sí àwòrán rẹ̀ níbì kankan. Ẹni tí kò bá rí i lójú kò lè mọ̀ pé ó wà rí.

O rántí àárọ̀ ọjọ́ ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ìwọ lo se kọfí tí a mu. Orrin gbé ṣòkòtò awọ yẹn sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ìyà! Ṣòkòtò ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi rèé. Àwọn Harlan á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí n ó fi kú." Mo ní, "Wọ̀ ọ́. Bí o bá bọ́ ọ kí n tó sọ fún ẹ pé ọdún ti parí, má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́." Ó wọ̀ ọ́. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín. Lọ́sàn-án, a ò rí i mọ́. Nírọ̀lẹ́, yìnyín àkọ́kọ́ bọ́ lórí òkè, ó yá ju bó ṣe máa ń bọ́ lọ.

Ọjọ́ yẹn náà ni Colleen tó ń gbé oúnjẹ ní òtẹ́ẹ̀lì wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Seattle, kò dágbére. Kí ilẹ̀ tó mọ́, gbogbo ìlú ti so òun àti Orrin pọ̀. O wá sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́rin, o bi mí pé níbo ni ọkọ rẹ wà. Mo ní ó ti bá Colleen lọ. Nadine, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́.

Èyí tó burú jù ṣì wà níwájú. Lọ́dún 1971, o ti kúrò níbí, Colleen gba ìlú yìí kọjá pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ àti ọmọ méjì. Ó yà kí mi. Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Orrin ńkọ́? Nadine bí kí ni?" Kò mọ nǹkan kan. Kò tilẹ̀ bá Orrin sọ̀rọ̀ rí ju pé kó gbé ẹyin sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, mo sì jẹ́ kí o wà ní Yakima gẹ́gẹ́ bí obìnrin tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀, o ò fẹ́ ẹlòmíràn, ìtìjú sì ń bá ọ jókòó. Ìdí ni pé bí kì í bá ṣe Colleen, òkè ni. Bí ó bá sì jẹ́ òkè, èmi ni mo fi ṣòkòtò péńpé rán àbúrò mi lọ sínú yìnyín. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi lọ fún ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta. Bí o bá fẹ́ ya lẹ́tà yìí, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, kà á tán ná.

Nítorí pé àwọn obìnrin méjì tó wọ bàtà ìlú yẹn, mo mọ̀ wọ́n. Àlejò ọdún ni wọ́n. Wọ́n wọ inú gbọ̀ngàn wá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, omi ń kán lára wọn, wọ́n ní àwọn rìn lọ sọ́nà adágún, àwọn sì ṣìnà, ọ̀nà mìíràn làwọn gbà bọ̀. Mo fún wọn ní tíì. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bò wọ́n nídìí ààrò. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá pé ẹnì kan lè ti rí wọn nígbà tí wọ́n ń lọ, kó sì tẹ̀ lé wọn láti mú wọn bọ̀.

Mo sọ ọ́ fún Harlan lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà. Mo rò pé á ní orí mi ti dàrú. Ṣùgbọ́n ó ní, "Verla, ọdún kẹta rèé tí mò ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àlejò. Mo rò pé àwọn ìgbìmọ̀ ló gba òmùgọ̀ kan síṣẹ́."

Ní Àbámẹ́ta, ó fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ sí ẹsẹ̀ òkè. Ìwé tí àwọn tó ń gun òkè máa ń kọ orúkọ sí ṣì wà nínú àpótí rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti bi wá pé kí la wá ṣe, mo kọ ọ́ pé a wá kí ẹbí. Harlan ní, "Arúgbó méjì, orúnkún kan ṣoṣo tó ṣì dáa. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá wá gbé wa, èmi ni n ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé o." Àwọn ọ̀dọ́ ń sáré kọjá lára wa, wọ́n ń kí wa kú ìsapá. A ń gbọ́ fèrè láti ìsàlẹ̀. Nígbà tó di nǹkan bí aago méjì, kùrukùru dìde láti inú odò, a ò sì rí ẹnikẹ́ni mọ́. Harlan jókòó sórí òkúta kí ó lè mí. Mi ò dúró dè é. Igi tó wó yẹn kò ju ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ lọ síwájú.

"Ẹ káàsán mà. Ẹ rọra o, ọ̀tún yẹn ò dáa."

Ohùn rẹ̀ ni. Mo ti gbàgbé ohùn rẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé mo ti gbàgbé. Ó dúró sí òdìkejì igi náà, ó ṣí fìlà rẹ̀ bí ìyá wa ṣe kọ́ wa láti kí àgbà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Eyín tí ṣéènì ilé ìlàgi kán wà bẹ́ẹ̀. Omi ń ṣàn láti orúnkún rẹ̀ sínú ìbọ̀sẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Òwú mi ló wà láyà rẹ̀, títí kan ibi tó wọ́ díẹ̀ lára ewé kẹta, nítorí pé iná kú mọ́ mi lọ́wọ́ nígbà tí mò ń rán an.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ò pàdé obìnrin méjì tó wọ bàtà ìlú?"

Mo ní, "Wọ́n ti dé. Wọ́n ti mu tíì. Kò sóhun tó ṣe wọ́n."

Ó mí kanlẹ̀. Èémí tèmi ń rú bí èéfín nínú òtútù yẹn, tirẹ̀ kò rú. Ó ní, "Ọpẹ́ o. Ọdún ńkọ́, mà? Ṣé wọ́n ti parí ẹ̀? Gbogbo ẹni tí mo bi ló ń sọ pé ó kù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní n ò gbọdọ̀ bọ́ aṣọ yìí kí wọ́n tó parí. Ó le, mà. Ẹ ò mọ̀ ọ́n ni."

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n díẹ̀."

Ẹ̀rù ń bà mí, Nadine, mi ò ní purọ́ fún ọ mọ́. Àwọn onífèrè tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó sì dẹ etí sí wọn. "Àwọn nìyẹn àbí?"

"Ìyẹn kì í ṣe ọdún tìẹ. Ọdún tìẹ ti parí tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ ló rán mi. Ó ní kí o bọ́ ọ. Ó ní kí o má bínú sí òun."

Ó wò mí, ó wò mí pẹ́. Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n má bínú? Mà, ẹlòmíràn lẹ bá sọ̀rọ̀." Ṣùgbọ́n ó tú okùn èjìká náà pẹ̀lú awọ àyà rẹ̀, ó gbé e lé orí igi bí ẹni gbé ẹrù wíwúwo sọ̀, ó sì fi ìgbànú rẹ̀ fún ṣòkòtò mọ́ra. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n máa lọ. Ìyàwó mi á ti máa wọ̀nà. Mo sọ fún un pé mi ò ní pẹ́."

Mi ò lè jẹ́ kó lọ sílé àtijọ́ yín. Ibẹ̀ ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ìkòkò bíà. Mo ní o ti kó lọ sí Yakima. Mo júwe ilé rẹ fún un, òpópónà náà, igi ápù iwájú ilé, ilẹ̀kùn aláwọ̀ òféfèé. Ó kà á padà fún mi lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Mi ò dárúkọ Wendell. Ẹnu tìrẹ ni ìyẹn tọ́ sí. Ó dúpẹ́, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, òtútù tó bá mi dà bí ìgbà tí èèyàn ṣí ilẹ̀kùn àjà ilẹ̀. Mo fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, awọ tó bọ́ sórí igi ni mo gbé mọ́ra.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Harlan, ó ti bọ́ sílẹ̀ lórí òkúta, ojú rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun. Ó ní, "Verla, ta ló kọjá yẹn? Mo gbóòórùn awọ tútù. Mi ò rójú ẹ̀ dáadáa. Ó ní, 'Harlan, o mà ti darúgbó o.'"

Láti Àbámẹ́ta ni mo ti ń rò ó. Bí ó bá dá Harlan mọ̀ lábẹ́ gbogbo irùngbọ̀n funfun yẹn, báwo ni kò ṣe ní dá èmi mọ̀?

Ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, a rí ipa bàtà tútù lórí ọ̀dà. Kò yà sí ìlú. Ọ̀nà gúúsù ló gbà, ọ̀nà ọ̀dọ̀ yín. Láàárọ̀ yìí, awakọ̀ tó ń kó ápù wá láti apá ibẹ̀ sọ nínú ṣọ́ọ̀bù pé òun rí ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé létí títì lánàá, òun ní kó wọlé, ó ní kí òun má ṣèyọnu, pé ọ̀dọ̀ ìyàwó òun lòun ń lọ. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bíà ló ń pa á.

Mo gbé tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mẹta láti pè ọ́. Ẹnu mi ò lè gbé e. Harlan ti ṣírò rẹ̀ fún mi: ọgọ́rùn-ún máìlì ni, ọmọ ilé ìlàgi á rin ogún lójúmọ́. Lẹ́tà yìí á dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Ọjọ́rú. Ní Ọjọ́bọ̀ ni òun á dé, bí ó bá ń rìn bí èèyàn ṣe ń rìn.

Awọ àyà tí ó bọ́ wà nínú àpò ìwé yìí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, wò ó, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n. Mo sá a sídìí ààrò fún òru méjì, kò gbẹ. Bí ìwé yìí bá tutù lọ́wọ́ rẹ, kì í ṣe ẹkún mi nìkan.

Bá mi kí Wendell, kí o sì sọ òtítọ́ fún un kí ó tó di Ọjọ́bọ̀, pé bàbá rẹ̀ kò sá fún un. Bá mi kí àwọn ọmọbìnrin. So ajá mọ́lẹ̀. Mi ò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí, ìyẹn lè dúró. Ohun kan ni mo ń bẹ̀: bí o bá gbọ́ tí wọ́n kan ilẹ̀kùn, má bi í pé níbo ló ti wà. Ṣí i fún un. Kí o sì bá mi wá ṣòkòtò gígùn kan sílẹ̀ dè é, ọ̀kan nínú ti Wendell. Orúnkún rẹ̀ tutù, Nadine.

Èmi ni, tìrẹ bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ,
Verla.